Erùpẹ̀ Ìdí Ògiri Tí A Fi Ń Fọ Igbá Rámátù

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àìrí mi láti ọjọ́ yìí wá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà ní Kùmásí yìí kí ẹ tó gbọ́ ohunkóhun lẹ́nu mi. Mo kí ìyàwó yín, ìyá Rámátù ọmọ mi, tí ó gbà láti dúró tì yín nígbà tí mo forí lé àjò. Mo kí Ràájí àbúrò mi àti aya rẹ̀, mo sì kí ọmọ wọn tuntun tí n kò tíì fi ojú kàn. Ràájí, ìwọ tí o máa ka ìwé yìí sí ìyá wa létí, mo bẹ̀ ọ́, kà á tán. Ibi tí ó bá korò, má fò ó.

Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ó bí yín nínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lọ́tẹ̀ yìí, tí kì í ṣe inú àpòòwé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Mo mọ̀ pé inú ilé ni a ti ń sọ ọ̀rọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ sí Ìyá Gáníyù, aládùúgbò wa, gbangba ni ẹ ti sọ ọ́. Ràájí kọ̀wé sí mi pé ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní ẹ̀pà tí ó máa ń bù fún Rámátù ni ó fi fọ́ ojú rẹ̀, àti pé láti ọjọ́ náà, kò sí abiyamọ àdúgbò tí í jẹ́ kí ọmọ òun gba nǹkan lọ́wọ́ obìnrin yẹn mọ́. Ohun tí a bá bà jẹ́ ní gbangba, gbangba ni ó yẹ kí a ti tún un ṣe. Kí ìwé yìí tó parí, n ó sọ ẹni tí ó fọ́ ojú Rámátù.

Òjò ni ibí yìí. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí a kò rí oòrùn. Òjò Ọ̀fà a máa fi ìjì kéde ara rẹ̀, yóò rọ̀, yóò sì dá, kí olúkúlùkù lè bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ti Kùmásí a máa ṣẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, bí ẹni tí ń ráhùn. Àwa mẹ́ta ni a ń gbé yàrá kan ní Sóńgò, àdúgbò àwọn àlejò, yàrá náà sì ń jò. Àwọn méjì tó kù, ará òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n, èdè wọn ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi náà a rẹ́rìn-ín, n kò sì mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ìdáwà ń ṣe mí, ìyá. Mo rò pé ó ń mọ́ra bí ó bá pẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ́ra.

Mo ti kọ ọ́ sí yín tẹ́lẹ̀ pé mo ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà. Irọ́ kọ́. Nígbà tí ọjà tí mo bá wá síbí dojú rú, dókítà òyìnbó kan ni ó gbà mí síṣẹ́. Ohun tí mo ń ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ gan-an ni n kò là yé yín. Nígbà tí Ràájí wá kọ ọ́ pé ẹ ti ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín pé ọmọ yín ń gún abẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Gánà, ojú tì mí, mo dákẹ́. Ìyá mi, n kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí. Àgbàlá ni mo ń gbá. Ajá méjì ni dókítà ń sìn, ìgbẹ́ wọn sì ni olórí iṣẹ́ mi. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ n ó gbé ṣọ́bìrì, n ó yí gbogbo àgbàlá po, n ó wo abẹ́ òdòdó, n ó wo ẹ̀yìn ilé ìdáná, n ó kó gbogbo rẹ̀ pátá. N ó gbẹ́ ihò tí ó mu mí dé orúnkún, níbi tí ó jìnnà sí kànga, tí ó sì jìnnà sí ẹ̀fọ́, n ó dà á síbẹ̀, n ó sì wa erùpẹ̀ bò ó. Ọmọ Ọ̀fà ni mí o, ọmọ ìjàkadì; ìgbẹ́ ajá ni mo wá ń bá wọ̀yá ìjà ní ìdálẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí ó fi sú mi.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ni mo wà tí mo fi mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo rí èyí tí ó ti pẹ́ lẹ́yìn ògiri, ó ti gbẹ, ó ti funfun, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di erùpẹ̀. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é nílé. Tútù ni a ń sá fún, torí òórùn rẹ̀ àti torí ẹsẹ̀. Èyí tí ó bá ti gbẹ kò ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ wa. Mo fa ọwọ̀ yọ, mo gbá a fìrì, ó fọ́n ká, mo bá tèmi lọ. Dókítà ń wò mí láti ojú fèrèsé. Ó sáré jáde, ó ń pariwo, n kò gbọ́ ohun tí ó ń sọ, mo sáà rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Kúùkù rẹ̀, tí í ṣe ọmọ Ìjàgbò tiwa níbẹ̀ yẹn, ni ó bá mi túmọ̀ rẹ̀.

Dókítà ní èyí tí mo fojú kéré yẹn gan-an ni ó ń jà. Ó ní aràn a máa wà nínú ajá, pàápàá ọmọ ajá, bí a kò bá fún un ní oògùn. Aràn náà a máa yé ẹyin, ẹyin a sì bá ìgbẹ́ jáde. Lọ́jọ́ tí ó bá jáde, kò tíì lè ṣe ọmọ èèyàn ní nǹkan kan. Ó di ìgbà tí ó bá tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta nílẹ̀ kí ó tó gbó. Ẹni tí ó bá ń kó ìgbẹ́ lójoojúmọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí òjò pa á, kí ìgbálẹ̀ sì gbá a káàkiri, ó ti gbìn ín sínú ilẹ̀ ilé rẹ̀ nìyẹn, yóò sì wà níbẹ̀ lọ́dún yìí àti lọ́dún tí ń bọ̀, ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ yóò ti dàwátì, ẹnikẹ́ni kò ní rí nǹkan kan. Ọmọdé tí ó bá fi ọwọ́ tó kan ilẹ̀ yẹn sí ẹnu, ẹyin ni ó gbé mì. Yóò pa nínú rẹ̀, yóò máa rìn kiri nínú ara rẹ̀, òmíràn a sì rìn dé ojú. Ó mú mi wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí n fi ojú sí ẹ̀rọ kan. Mo rí wọn, roboto roboto, bí ọkà bàbà. Ó ní kò ju ẹ̀rún erùpẹ̀ kín-ń-kín lọ ni mo ń wò yẹn.

Bí ó ti dárúkọ ojú ni mo rántí Rámátù. Ìwé Ràájí tí ó dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ṣì wà nínú àpò mi. Ibẹ̀ ni ó ti ròyìn pé Rámátù ti gbọ́n, pé bí ènìyàn bá pè é, ńṣe ni ó ń dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan bí adìẹ tí ń wo àṣá, pé gbogbo ilé ti ń pè é ní Ìyá Adìẹ, pé ó sì ń bínú sí orúkọ náà. Ó ní kì í gbé ife kalẹ̀ kí ó bọ́ sórí àga, ẹ̀gbẹ́ àga ló máa ń gbé e sí. Mo ti rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àní mo kà á lẹ́ẹ̀mejì torí ẹ̀rín. Mo sọ ọ́ fún kúùkù, kúùkù sọ ọ́ fún dókítà. Dókítà bi mí léèrè ọjọ́ orí ọmọ, mo ní ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin. Ó bi mí bóyá ajá wà nílé wa, mo ní ó wà. Ó ní kí ẹ fi ọwọ́ bo ojú kan fún un, kí ẹ sì bo èkejì, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣe.

Ìwé lọ, ìwé bọ̀, ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. N kò mọ bí mo ti jẹun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn. Ràájí kọ ọ́ pé òun gbé Rámátù jókòó sí àgbàlá lọ́sàn-án gangan. Òun bo ojú rẹ̀ òsì, òun na ìka, ọmọ kà á, ó pé. Òun bo ojú ọ̀tún, òun ní kí ó kà. Ọmọ ní kí wọ́n tan àtùpà ná.

Mo ka ìlà yẹn, mo pa ìwé dé, mo tún ṣí i bóyá n ó rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Mo lọ bá dókítà pé oògùn wo ni yóò là á. Ó ní kò sí. Mo padà lọ ní ọjọ́ kejì, ó ní kò sí. Mo bẹ kúùkù kí ó bá mi bi í ní ọ̀nà mìíràn, bóyá bí mo ti ń béèrè ni kò dára. Kò sí, ìyá. Ohun tí ó ti lọ nínú ojú yẹn kò ní padà, bí a gbé e dé Ìbàdàn, bí a gbé e dé Èkó.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú ibi tí ó gbà wọlé sí wa. Ó rú mi lójú, torí pé ilé wa kì í ṣe ilé ẹlẹ́gbin. Ta ni kò mọ̀ pé ẹ kì í kírun àárọ̀ tán kí ìgbálẹ̀ má wà lọ́wọ́ yín? Wolé-wolé tí í mú gbogbo àdúgbò, àgbàlá yín ni ó fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ọjọ́ kan tí mo ń fọ abọ́ àwọn ajá dókítà ni ojú mi ṣí sí i.

Ìyá, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ fa ajá wọlé. Èmi ni mo mú Tanímọ̀la wá láti Ìjàgbò, torí àwọn olè tí ń jí ewúrẹ́ wa. Ẹ kò fẹ́. Ẹ ní ilé ìmàle kì í ṣe ibùgbé ajá. Mo bẹ̀ yín títí ẹ fi lọ bi Alfa àdúgbò wa, Alfa sì ní bí ó bá jẹ́ tìṣọ́, kò burú, ṣùgbọ́n ohun èlò tí ó bá fi ẹnu sí, kí a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, kí ọ̀kan nínú méje náà jẹ́ pẹ̀lú erùpẹ̀ tí ó mọ́. Ẹ gbà á, ẹ sì dì í mú ju ẹnikẹ́ni lọ. Igbá ẹ̀kọ Rámátù ni ajá náà sì fẹ́ràn. Bí ọmọ bá ti gbé e sílẹ̀, ajá ti lá a. Ẹ ó dìde, ẹ ó pọn omi, ẹ ó sì máa kà á sókè, ení, èjì, títí dé eéje. Ọmọ pàápàá ti ń gbìyànjú láti kà á tẹ̀lé yín kí n tó kúrò nílé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Ta ni ó fi erùpẹ̀ hàn yín? Àárín àgbàlá wa le, ìgbálẹ̀ yín ti jẹ gbogbo ìyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ tán. Ẹ ní ẹ óò máa rán ènìyàn lọ sí odò láti bu yanrìn. Èmi ni mo ní kí ẹ má ṣe wàhálà, pé erùpẹ̀ ìdí ògiri rọ̀ múlọ́múlọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó rọ̀. Ó rọ̀ torí pé ibẹ̀ ni ajá ti ń walẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ń sùn, ìtòsí ibẹ̀ ni ó ń yàgbẹ́ sí, ibẹ̀ kan náà ni a sì ń gbá èyí tó bá gbẹ sí, kí ó má baà wà lójú àlejò. Alfa kò sọ bóyá ìfọ̀ kẹta ni tàbí ìfọ̀ kẹfà ni a óò fi erùpẹ̀ ṣe. Èmi náà ni mo ní kí a máa fi í ṣe ìkẹyìn, torí pé omi wọ́n ní ọ̀gbẹlẹ̀, kí a lè fi aṣọ nù ún kí ó parí. Lẹ́yìn náà ni a óò da ẹ̀kọ sí i, a óò sì gbé e fún ọmọ. Alfa sọ pé erùpẹ̀ tí ó mọ́. Èmi ni mo yan èyí tí kò mọ́. Ìmọ́tótó gan-an ni a ń ṣe, ìyá. Tọkàntọkàn ni a fi ń ṣe é.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀pà. Kì í ṣe ayé. Ìyá Gáníyù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kò sì ṣe ju pé ó fẹ́ràn ọmọ wa lọ. Ọwọ́ èmi Yésúfù ni. Gbogbo ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ń gbọ́ ìwé yìí, èmi ni kí ẹ wò. Ìyá mi, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ojúmọmọ, níbi tí àwọn ènìyàn yóò ti rí yín, ẹ bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ dàgbà jù ú lọ. Ẹ bẹ̀ ẹ́ náà.

Ohun tó tún ń já mi láyà nìyí. Ràájí kọ ọ́ pé bí ẹ ti gbọ́ pé dókítà béèrè ajá, ẹ ti lé Tanímọ̀la, pé ẹnì kan ti mú un lọ sí Ìlémọ̀nà, pé ọkàn gbogbo yín ti wá balẹ̀. Ajá lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò lọ. Nínú ìwé kan náà ni Ràájí tún ti fi ìdùnnú sọ pé ọmọ òun ti ń rákòrò, ó ní kò sí ibi tí kò dé, ìdí ògiri sì ni ibi tí ó fẹ́ràn jù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Ràájí, gbé ọmọ rẹ kúrò níbẹ̀ kí o tó ka ìlà tí ó tẹ̀ lé èyí.

Gbé ọkọ́, kí o ha erùpẹ̀ ìdí ògiri yẹn, kí ó jìn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, kí o má ṣe dà á sí àkìtàn tí ìyá ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí. Gbẹ́ ihò jíjìn lẹ́yìn ilé, bò ó. Bu amọ̀ pupa tuntun wá láti ọ̀nà oko, fi dípò rẹ̀, lù ú kí ó le. Kí àwọn ọmọ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, kí ẹ sì máa gé èékánná wọn. Ajá mọ ọ̀nà ilé. Bí Tanímọ̀la bá sá padà wá, ẹ má lù ú, kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ so ó sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ wá àwọn dókítà ẹran kí wọ́n fún un ní oògùn aràn, kí ẹnì kan sì máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kódà bí òjò ń rọ̀, kódà lọ́jọ́ ọdún. Tí ẹ kò bá ní ẹni tí yóò ṣe é, ẹ má gbà á. Erùpẹ̀ tí ẹ óò sì fi fọ igbá, yanrìn odò ni o, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ níjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ̀yin ni ẹ gbọ́n jù mí lọ.

Mo ń sọ gbogbo èyí bí ẹni tó ní agbára. N kò ní. N kò lè na ọwọ́ láti Kùmásí kí n fi gbá ìdí ògiri kan ní Ọ̀fà. Bí ẹ bá ṣe é, n kò ní rí i. Bí ẹ kò bá ṣe é, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó mọ̀. Láàárọ̀ yìí mo yí àgbàlá dókítà po lẹ́ẹ̀mejì nínú òjò, mo kó gbogbo rẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Kò sí ọmọdé kankan nínú ilé náà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni.

Bí òjò bá dá, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, n ó wá, bí iṣẹ́ bọ́ kí ó bọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti wá, kí n má parọ́. Ìgbà tí mo fi Rámátù sílẹ̀, kò tíì rìn dáadáa. Kò mọ̀ mí, èmi náà kò mọ ohun tí n ó sọ fún un bí ó bá bi mí léèrè.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa, ìyá. Kí ó máa bá wa ṣọ́ ojú kan tí ó kù, kí ó sì bá wa ṣọ́ méjèèjì ti ọmọ Ràájí. Kí ilé má dàrú, kí ọ̀nà má dí mọ́ mi. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ sọ fún un pé kí ó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ bá mi kí Alfa, ẹ bá mi kí gbogbo ẹbí lókùnrin lóbìnrin. Ẹ bá mi kí Ìyá Gáníyù kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni.

Ẹ bá mi kí Rámátù. Ràájí ní bí ènìyàn bá gba apá òsì yọ sí i, ó máa ń ta gìrì, a sì bú sẹ́kún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀ kí ẹ tó jíṣẹ́ mi fún un.

Èmi ni ọmọ yín,
Yésúfù.